Ọjà Kan, Ìsọ̀ Mẹ́ta: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Jọ Ń Tajà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ òwò ni mo gbé wá fún yín lónìí, irú òwò tí àwọn ìyá wa àgbà kò bá láyé. Ní àtijọ́, bí ìyá kan bá fẹ́ ta aṣọ, yóò tẹ́ ẹ sí ojú ìsọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yóò wá, yóò fọwọ́ kàn án, wọn yóò ná an, ọ̀rọ̀ sì parí. Aṣọ tí a bá ti rà kúrò nínú ìsọ̀, kò sí ẹlòmíràn tí yóò tún ná an. Ṣùgbọ́n lónìí, aṣọ kan ṣoṣo lè wà lójú ìsọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí àwòrán rẹ̀ wà nínú fóònù ọmọ ní Èkó, kí ó sì tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí obìnrin kan ní London ti ń wò ó ní òru. Ènìyàn mẹ́ta lè san owó rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ta ni yóò gbé e nínú wọn?

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní mọ́sáláṣí máa ń gbọ́ ẹjọ́ púpọ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ tọkọtaya àti ẹjọ́ gbèsè ni a ti mọ̀ tipẹ́. Nísinsìnyí, ẹjọ́ ọjà orí fóònù ti di ìkẹrin wọn. Ìyá àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí wọ́n ti ń fi ìfẹ́ bá ara wọn ṣòwò, a ó dédé rí i pé wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí a bá sì tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a kì í sábà bá olè níbẹ̀. Ohun tí a máa ń bá ni ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ, àti iye owó tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé. Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: èkíní, bí a ṣe ń tọ́jú ọjà tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń tà, èkejì, bí a ṣe ń fi iye sí ọjà kan náà fún ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó wà lókèèrè.

ỌJÀ 12 TÍ Ó DI 36

Ẹ jẹ́ kí a fi àdìrẹ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ká ní ìyá kan wà ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ó ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, irú èyí tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, ìdì 12, tí ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá 5. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìsọ̀ kékeré ní Èkó, ó sì ń fi WhatsApp tà. Àbúrò ìyá yìí wà ní Peckham ní London, òun ló bá wọn san owó ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ojú rẹ̀ kì í padé lọ́sàn-án àti lóru. Ìyá mọ̀ pé 12 ló wà nílẹ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé 12 ló wà nílẹ̀. Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé 12 ló wà nílẹ̀. Òótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ro òótọ́ mẹ́ta yìí pọ̀, 36 ni wọ́n ti gbé síta fún aráyé láti rà.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá ta 3 lójú ìsọ̀. Ọmọ ta 5 lórí WhatsApp. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn ènìyàn ra 6 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Ìwé ìyá ń sọ pé ó ku 9, ti ọmọ ń sọ pé ó ku 7, ti íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ pé ó ku 6. Nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjà 22 ló ṣẹ́kù; nínú ìsọ̀, kò sí ẹyọ kan, ènìyàn méjì sì ti san owó aṣọ tí kò sí.

Ẹ rántí pé aṣọ kì í ṣe ohun tí a ń rà fún ọjọ́ lásán. Bí ó bá jẹ́ aṣọ Iléyá ni ẹni yẹn rà, tí ó ti bá télọ̀ ṣàdéhùn, tí ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, owó tí ẹ bá dá padà fún un ní ọ̀la Iléyá kò lè tún ọjọ́ náà ṣe fún un. Ẹ̀sìn wa pẹ̀lú ti kọ́ wa pé kí oníṣòwò má ṣe ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ rẹ́ ènìyàn jẹ nìkan ni òfin yìí bá wí. Ó bá ẹni tí kò ka ọjà rẹ̀ wí pẹ̀lú.

ÌKÒKÒ KAN TÀBÍ ÀWO MẸ́TA?

Ọ̀nà méjì ló wà tí àwọn tó jọ ń ta ọjà kan lè gbà ṣe é. Ẹ lè jọ máa bù láti inú ìkòkò kan, tàbí kí ẹ bù ú sí àwo kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀.

Nínú ìkòkò kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà, gbogbo ènìyàn ń wò ó, gbogbo ènìyàn sì ń yọ nínú rẹ̀. Bí ìyá bá ta 3 ní Ìtòkú, nọ́ńbà náà yóò di 9 lójú ẹsẹ̀, fún ọmọ ní Èkó àti fún ẹni tó ń wò ó ní London. Èyí dára púpọ̀, nítorí ọjà kò ní jókòó síbì kan nígbà tí ẹni tó fẹ́ ẹ wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó ń béèrè: ẹni tó bá tà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn Ìṣáà, kì í ṣe nígbà tí ó bá délé. Bí ìyá kò bá mọ fóònù lò tó bẹ́ẹ̀, kí ọmọdé kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní gbàrà tí owó bá ti wọlé. Bí íná kò bá sí, tàbí tí néẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìkòkò kan yóò di ìkòkò mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nínú àwo mẹ́ta, ẹ ó pín ọjà náà kí títà tó bẹ̀rẹ̀: 5 fún Ìtòkú, 3 fún Èkó, 4 fún íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tí ó lè ta ju tirẹ̀ lọ láìkọ́kọ́ béèrè. Èyí ni mo fẹ́ràn fún àwọn ìyá tí ọjọ́ ọjà wọn máa ń le, tí wọn kò ní àyè láti fọwọ́ kan fóònù. Àléébù rẹ̀ ni pé Èkó lè tán nígbà tí ọjà ṣì wà ní Ìtòkú. Ṣùgbọ́n ìpè kan péré ló máa tún ìyẹn ṣe: “Ìyá, ẹ yọ̀ǹda 2 fún mi nínú tiyín,” kí ìyá sì dín in kù nínú tirẹ̀. Ìpè náà kò wọ́n tó ẹjọ́.

Bí ẹ bá yan ìkòkò kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nínú ètò WooCommerce, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ kékeré ń lò, àyè kan wà tí a ti lè sọ fún un pé, “Bí ó bá ku 2, máa sọ fún aráyé pé ó ti tán.” Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, òdo ló wà níbẹ̀. Ẹ yí i padà sí 2. Méjì tí ó kù yìí ni yóò gbà yín bí ìyá bá tà lójú ìsọ̀ tí kò tíì ráyè sọ.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ KÌ Í SỌ FÚN NI

Àwọn kan rò pé ní kété tí ènìyàn bá ti mú ọjà sínú agbọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti di tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí WooCommerce bá ṣe wà láìsí àfikún, agbọ̀n kì í dá ọjà dúró fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn mẹ́wàá lè gbé ìdì kan ṣoṣo sínú agbọ̀n wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí owó ló ni ín. Nítorí náà, bí oníbàárà bá kígbe pé, “Mo ti mú un tẹ́lẹ̀!” ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Kí ẹ tilẹ̀ ti kọ ọ́ síbẹ̀ ṣáájú ni ó dára jù.

Nígbà tí oníbàárà bá dé ìdí owó tí ó fẹ́ fi káàdì san án, ètò náà yóò di ọjà rẹ̀ mú fún ìwọ̀nba àkókò. Ìṣẹ́jú 60 ló máa ń wà níbẹ̀ bí ẹ kò bá yí i padà. Bí owó kò bá wọlé, ètò náà yóò fagi lé e, ọjà yóò sì padà síta. Ní ọ̀sẹ̀ tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wákàtí kan ti gùn jù. Ẹ lè sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 20 tàbí 30.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí oníbàárà bá sọ pé òun yóò fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ètò náà yóò yọ ọjà kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀, yóò sì máa dúró de owó náà. Kò ní fúnra rẹ̀ fagi lé e, ì báà di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Báyìí ni ọjà ṣe ń pòórá nínú ìwé nígbà tí ó wà lórí pẹpẹ. Ìyá yóò ní ọjà wà, íntánẹ́ẹ̀tì yóò ní ó ti tán, a ó sì máa fura sí ọmọ. Kí ẹnìkan nínú yín máa yẹ àwọn tí kò tíì sanwó wò ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé èyí tí wákàtí 24 bá ti kọjá lórí rẹ̀.

Ohun mìíràn ni aṣọ tí kò gba ẹnu ọ̀nà ọjà jáde. Ìyá mú ìdì kan fún ìsọmọlórúkọ. Ó fi ọ̀kan ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Aró ọ̀kan kò mú dáadáa, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ta ọ̀kan láwìn. Kò sí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìwọ̀nyí, ọjà ìyá ni. Ṣùgbọ́n ìdì mẹ́rin ti lọ, ìwé kò sì mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀: ẹ̀bùn, àléébù, àwìn. Kí ẹ sì mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa fọwọ́ ka ohun tó wà lórí pẹpẹ, kí ẹ fi wé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ.

AṢỌ KAN, ORÚKỌ MÉJÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ láti ara ìgàn, ẹ ṣọ́ra fún eléyìí. Ká ní aṣọ yín jẹ́ ọ̀pá 60. Ẹ fẹ́ ta á ní ọ̀pá 5 fún ẹni tó fẹ́ rán aṣọ kan, àti ní ọ̀pá 10 fún tọkọtaya. Ẹ wá kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọ̀pá 5 wà, ìdì 12. Ọ̀pá 10 wà, ìdì 6. Ìṣirò kọ̀ọ̀kan tọ̀nà, nítorí 12 lọ́nà 5 jẹ́ 60, 6 lọ́nà 10 sì jẹ́ 60. Ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti gbé ọ̀pá 120 síta nígbà tí 60 péré wà nílẹ̀.

Òótọ́ ni pé ètò náà gbà kí oríṣìí méjì yìí jọ máa yọ láti inú nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi àfikún sí i, ẹyọ 1 ni yóò máa yọ fún ẹni tó ra ọ̀pá 5, ẹyọ 1 náà ni yóò sì yọ fún ẹni tó ra ọ̀pá 10. Ìṣirò yóò tún dàrú. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ kò gba ọgbọ́n ẹ̀rọ rárá: ẹ ta ìdì ọ̀pá 5 nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá 10, kí ó kọ 2. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá 15, kí ó kọ 3. Nọ́ńbà yóò dúró, orí yín náà yóò sì tutù.

ÌYE OWÓ: KÍ NI Ọ̀NÀ JÍJÌN FI KÚN UN?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sórí iye owó. Pé ọjà kan ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Alájàpá kò ní ra gààrì ní oko kí ó tà á ní iye oko láàárín ìlú. Àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n tà á láwìn, iye rẹ̀ sì ju ti ẹni tó sanwó lọ́wọ́. Ẹni tó rà á mọ ohun tó fà á: wọ́n gbé e wá bá a nílé, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti san án díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ẹni tó ń rajà kò rí ọ̀nà tí ọjà gbà wá mọ́. Iye owó ló rí lójú fóònù. Àwọn ẹbí sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Obìnrin tó rà á ní London yóò fi àwòrán iye owó náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n yóò ní, “Háà! Ìdajì èyí ni wọ́n ta tèmi.” Ní ọjọ́ náà, bí ẹ kò bá ní àlàyé, ẹ ti di ọ̀dájú lójú àwọn méjèèjì.

Ìlànà tí mo rọ̀ yín láti tẹ̀ lé rèé: kí iye aṣọ jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo ayé, kí ohun tí ọ̀nà jíjìn fi kún un sì dá dúró lọ́tọ̀, kí oníbàárà fi ojú rẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Kì í ṣe iye ọjà òní o, àpẹẹrẹ lásán ni. Ìdì kan jẹ́ ₦15,000 ní Ìtòkú. Láti gbé ìdì kan dé London jẹ́ ₦25,000, ṣùgbọ́n láti gbé ìdì mẹ́rin pọ̀ jẹ́ ₦32,000, nítorí àpò kan náà ni wọn yóò wọ̀. Ẹni tó ra ọ̀kan yóò san ₦40,000. Ẹni tó ra mẹ́rin yóò san ₦60,000 fún aṣọ àti ₦32,000 fún owó ìgbé, tí ó jẹ́ ₦92,000.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ti da owó ìgbé pọ̀ mọ́ owó aṣọ, tí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Fún London, ₦40,000 ni ìdì kan.” Ẹni tó ra mẹ́rin yóò san ₦160,000. ₦68,000 tó lé níbẹ̀, kí ni orúkọ rẹ̀? Kì í ṣe owó aṣọ, kì í sì ṣe owó ọkọ̀. Ẹ kò pinnu láti rẹ́ ẹ jẹ, ìṣirò yín ló rẹ́ ẹ jẹ. Oníbàárà tó ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó yẹ kí ẹ ṣe ìkẹ́ fún, òun gan-an ló jìyà jù.

Èyí mú mi rántí òfin àtijọ́ kan nínú ẹ̀sìn wa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún àwọn ará ìlú láti máa lọ pàdé àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n ra ọjà wọn kí wọ́n tó dé inú ọjà láti mọ iye tí wọ́n ń tà á. Kì í ṣe pé iye yàtọ̀ láti ibì kan dé ibì kan ni a kọ̀. Fífi àìmọ̀ ẹni tó wà lókèèrè ṣe èrè ni ó burú.

Bákan náà, ẹ wo ibi tí ọjà ti ń bọ̀, ẹ má wo ibi tí oníbàárà wà nìkan. Bí àbúrò ìyá bá ti kó ìdì 20 sílé ní Peckham, ẹni tó wà ní London yẹ kí ó gba tirẹ̀ láti ibẹ̀, owó ìgbé rẹ̀ yóò sì kéré. Bí ti Peckham bá tán, tí ó di pé láti Ìtòkú ni yóò ti wá, owó ìgbé yóò yí padà, ọjọ́ tí yóò dé yóò sì yí padà. Kí ẹ sọ fún un kí ó tó sanwó. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ iye ọjà tó wà nílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ iye owó ti di ọ̀kan níbí: ẹni tí kò mọ ibi tí ọjà rẹ̀ wà kò lè mọ iye tí yóò tà á.

ẸRỌ KÒ MỌ ILÉ ẸNI

Àwọn ètò kan wà tí wọ́n máa ń fúnra wọn mọ ìlú tí oníbàárà wà, tí wọn yóò sì yí iye owó padà fún un. Nọ́ńbà kan tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí à ń pè ní IP, ni wọ́n ń wò. WooCommerce máa ń lo àkójọ àwọn nọ́ńbà yìí tí ilé-iṣẹ́ MaxMind ṣe. Ó dára láti fi mọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo VPN lè wà ní Òṣogbo kí ẹ̀rọ rò pé Amẹ́ríkà ló wà. Nínú Nàìjíríà pàápàá, ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè hàn bí ẹni tó wà ní Èkó. Ẹni tó wà ní London sì lè máa ra aṣọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Kí ló dé tí yóò fi san owó ọkọ̀ òfurufú?

Ewu mìíràn tún wà. Kí ojú ìwé lè tètè ṣí, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, èyí tí a ṣí fún ẹnìkan ni wọn yóò tún fi han ẹlòmíràn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti London wá, iye ti London lè máa hàn sí ẹni tó wà ní Ṣàgámù. WooCommerce ní àyè kan tí a lè yàn láti dènà èyí. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín tọ́jú ìsọ̀ náà bóyá ó ti yàn án.

Ohun tó dájú jù ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀ pé, “Níbo ni kí a gbé e lọ?” kí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ òpó tí iye owó yóò dúró lé. Kí iye tó rí sì jẹ́ iye tó máa san. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 kò gbà kí a gba iye tó ju èyí tí a fi hàn lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

OWÓ ORÍ ÀTI OWÓ ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 ní Nàìjíríà láti oṣù February 2020. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 20 ni fún ọ̀pọ̀ ọjà, láti ọjọ́ 1 oṣù January 2021 sì ni wọ́n ti ṣe é pé, bí ẹrù tí a fi ránṣẹ́ sí oníbàárà níbẹ̀ kò bá ju £135 lọ, ẹni tó tà á ló yẹ kí ó gba owó orí náà nígbà títà. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù tí kò bá ju $800 lọ máa ń wọlé láìsan owó ibodè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá àǹfààní náà dúró ní ọjọ́ 29 oṣù August 2025. Irú òfin báyìí máa ń yí padà. Kí ẹ tó kọ iye fún ìlú òkèèrè, ẹ bi ẹni tó ń bá yín kó ẹrù, kí oníbàárà yín má baà pàdé owó tí kò mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ti pàṣípààrọ̀ owó wá le jù. Ní oṣù June 2023, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 lọ́dọ̀ ìjọba ṣáájú ìgbà náà ti kọjá ₦1,500 ní oṣù February 2024. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún ẹbí tó jọ ń tajà. Àbúrò ní London ń ta ìdì kan ní £30. Ìyá ní Ìtòkú ń gba ₦15,000 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Náírà já wálẹ̀, £30 náà wá di owó ńlá ní náírà, owó aṣọ funfun àti aró tí ìyá fi ń ṣe àdìrẹ sì lọ sókè, ṣùgbọ́n ₦15,000 náà ni ìyá ṣì ń gbà. Àbúrò kò jalè, àdéhùn ló tẹ̀ lé. Ìyá kò purọ́, ebi ló ń pa òwò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre, ìdí nìyẹn tí ìjà náà kì í fi tètè parí. Kí ẹ yan owó kan tí ẹ ó fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ máa wo pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí ẹ sì ti sọ ọ́ ṣáájú bí èrè tàbí àdánù rẹ̀ yóò ṣe pín.

ÀDÉHÙN KÍ ÌJÀ TÓ DÉ

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó fi àwòrán kan ṣoṣo sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó, kí ẹ mú ìwé àti gègé, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí níwájú ẹlẹ́rìí méjì:

1. Ta ló ni ọjà náà títí di ìgbà tí a ó fi tà á?
2. Ṣé ìkòkò kan ni a ó máa bù, tàbí a ó pín in sí àwo?
3. Ta ni yóò máa kọ ìwé, ní ìgbà wo, ta sì ni yóò máa yẹ ìwé náà wò?
4. Bí a bá ta ọjà kan fún ènìyàn méjì, ta ni yóò gbé e, láàárín ọjọ́ mélòó ni a ó sì dá owó ẹnì kejì padà?
5. Ta ni yóò san owó ọjà tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù lọ́nà?
6. Èló ni ti ẹni tó ṣe ọjà, èló ni ti ẹni tó tà á, èló sì ni ti ẹni tó ń san owó ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ní ti ìbéèrè kẹrin, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí owó rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé gbé e, ì báà jẹ́ àjèjì, ì báà jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ìyá ni ẹnì kejì. Kí ẹ dá owó ẹnì kejì padà ní ọjọ́ náà gan-an, láìyọ kọ́bọ̀ kan, kí ẹ sì pè é, kí ẹ tọrọ àforíjì lẹ́nu. Oníbàárà tí a bá ṣe báyìí fún lè tún padà wá. Ẹni tí a bá fi “ó ń bọ̀, ó ń bọ̀” tì lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní padà mọ́, yóò sì sọ ọ́ fún ogún ènìyàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kíkọ àdéhùn láàárín ẹbí jẹ́ àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ọmọ náà ní olè lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìyá má baà jìyà àgbà nínú òwò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣí sílẹ̀ fún wa báyìí, obìnrin tó jókòó sínú ilé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lè tajà fún ẹni tó wà ní Kútọnu, ní London, tàbí ní Amẹ́ríkà láìfi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ oore ńlá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé gbọ́dọ̀ péye tó. Ẹ lọ ka ọjà yín lónìí kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ẹ dúpẹ́. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ pe àwọn tí ẹ jọ ń tà á jọ ní ọ̀la, kí ẹ wá ibi tí ó ti yàtọ̀, nígbà tí ó ṣì kéré.

Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí ọjà wa, kí ó má sì jẹ́ kí owó tú ilé wa ká. Àmín.